Lésà Ojú: Ta Ló Yẹ, Ta Ni Kò Yẹ?

Ọ̀rọ̀ lésà ojú ló kún àpótí ìbéèrè wa lóṣù yìí, mo rò pé àwọn fídíò tó ń lọ káàkiri orí fóònù ló fà á, ẹni tó fi gíláàsì wọlé tó sì jáde láìlò ó mọ́. Ohun tí fídíò yẹn kì í fi hàn ni àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un kí wọ́n tó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, àti àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹ jẹ́ ká wo díẹ̀ nínú ìbéèrè yín.

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ọmọ ọdún 19 ni mí, Unilorin ni mo wà. Lọ́dún tó kọjá, màínọ́ọ̀sì 4.75 ni gíláàsì mi, ní báyìí ó ti di 5.50. Mo fẹ́ ṣe lésà kí n tó lọ sin ilẹ̀ baba wa, àmọ́ rúùmù-méètì mi ní kí n jẹ́ kí ojú mi burú jù báyìí lọ ná, pé ìgbà yẹn ni wọ́n máa gbà mí. Ṣé òótọ́ ni? – Akẹ́kọ̀ọ́, Tanke

Àbúrò mi, sọ fún rúùmù-méètì ẹ pé irọ́ ni. Kì í ṣe bí ojú ṣe burú tó ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wò ó bóyá ó ti dúró sójú kan. Tìẹ ò tíì dúró. Màínọ́ọ̀sì ni nọ́ńbà gíláàsì ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán dáadáa, tìẹ sì fi 0.75 sún láàárín ọdún kan, àwọn dókítà sì máa ń fẹ́ kó tó ọdún kan, ó kéré tán, tí nọ́ńbà ò ti yí kọjá 0.50. Lóòótọ́ ẹni tó bá ti pé ọdún 18 lè ṣe é, àmọ́ ọ̀pọ̀ dókítà máa ń ní kí ọmọ tí ojú ẹ̀ ṣì ń sún dúró di ọdún 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lésà ò lè dá ojú dúró o. Nọ́ńbà tó bá bá lójú ẹ lọ́jọ́ yẹn ló máa tún ṣe, tí ojú bá tún wá ń sún lẹ́yìn ìyẹn, gíláàsì náà lo máa padà sí, owó sì ti lọ.

Èkejì ni bí kọ́níà ẹ ṣe nípọn tó, ìyẹn awọ tó mọ́ gaara tó wà níwájú ẹyinjú, torí òun ni lésà ń gé. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tó bíi máíkírọ́ọ̀nù 540, ó fi díẹ̀ ju ààbọ̀ mìlímítà lọ. Tó bá jẹ́ LASIK, ìyẹn irú lésà ojú tó gbajúmọ̀ jù, wọ́n á kọ́kọ́ ṣí pélébé kan sókè lára ẹ̀, bíi 110, lẹ́yìn náà lésà á wá máa gé tó bíi 15 fún màínọ́ọ̀sì kan. Ká ní 540 ni tìẹ, 5.50 ẹ máa gba bíi 80, bíi 350 á ṣẹ́kù sábẹ́, ìyẹn dáa gan-an. Wá mú ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 480 tó sì ń wọ màínọ́ọ̀sì 9, yọ 110, yọ 135, 235 ló kù, kò sì sí dókítà gidi tó máa jẹ́ kó wálẹ̀ kọjá 250, ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ fẹ́ kó kéré sí 300. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ fún pé kó gba lẹ́ńsì tí wọ́n ń fi sínú ojú láìfi lésà gé kọ́níà. Irú lésà míì tó ń jẹ́ PRK náà wà, wọn kì í ṣí pélébé kankan nínú tiẹ̀, àmọ́ ó máa ń dunni lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ìríran á sì pẹ́ kó tó dá ṣáká.

Torí náà kó gbogbo ìwé gíláàsì ẹ àtijọ́ pa mọ́, àwọn ni wọ́n fi máa mọ̀ bóyá o ti dúró. Tó bá jẹ́ pé kọ́ńtáàtì lẹ́ńsì lo fi ń ṣe fáàrí, o gbọ́dọ̀ bọ́ ọ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kó o tó lọ ṣe àyẹ̀wò (èyí tó le máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin), torí ó máa ń yí kọ́níà padà, wọ́n á wá wọn nǹkan tí kì í ṣe tìẹ.

Sàláàmù àlékùn. Aláṣọ òkè ni mí, mo ti lé díẹ̀ ní 48. Mò ń rí ọ̀ọ́kán dáadáa, àmọ́ tí òwú bá já mi ò rí ẹnu ẹ̀ so mọ́. Ọmọ mi ní Kánádà fẹ́ sanwó lésà fún mi. – Baba Aláṣọ Òkè, Ìlọrin

Wàálékùmù sàláàmù, baba. Ọmọ yín ṣe dáadáa, Ọlọ́run á bù sí i fún un, àmọ́ ẹ ní kó mú sùúrù. Lẹ́ńsì tí Ọlọ́run dá mọ́ inú ojú yín ló ti ń le, òun ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ rí ìtòsí, bó ṣe ń ṣe gbogbo èèyàn tó bá ti kọjá 40 nìyẹn, kọ́níà sì ni LASIK ń gé, kì í dé ọ̀dọ̀ lẹ́ńsì yẹn. Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n máa ń dá, wọ́n á fi ojú kan sílẹ̀ fún ọ̀ọ́kán, wọ́n á ṣe ìkejì fún ìtòsí, àmọ́ kì í bá gbogbo èèyàn lára mu, ẹni tó ń wo òwú tín-ín-rín látàárọ̀ ò sì gbọ́dọ̀ gbà á láìkọ́kọ́ fi kọ́ńtáàtì lẹ́ńsì dán an wò. Gíláàsì ìwé kíkà ló máa tètè yanjú tiyín. Ẹ má rà á létí títì jàre, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ojú, UITH (ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin) náà wà níbẹ̀, kí wọ́n bá yín wo ìfúnpá inú ojú pẹ̀lú.

Ìyá ọmọ oṣù márùn-ún ni mí, mo ṣì ń fún un lọ́mú. Tí ọyẹ́ bá dé, ojú mi máa ń yún mi, mo máa ń fọwọ́ ra á títí á fi pọ́n. Ìgbà wo ni mo lè ṣe lésà? – Ìyá Ìbejì Àná, Ọ̀fà

Ẹ kú ọwọ́ lómi o, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ ọmú ò le: oyún àti ọmú máa ń yí nọ́ńbà ojú padà, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ojú gbẹ, torí náà ẹ dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, ẹ tún fi bí oṣù mẹ́ta sí i, kẹ́ ẹ tó lọ wọ̀n ọ́n.

Èyí tó ń já mi láyà ni ríra ojú yẹn. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ keratoconus, kọ́níà á máa fẹ́lẹ́ sí i, á sì máa yọ ṣóńṣó síta, àwọn tó máa ń ra ojú wọn gan-an ni wọ́n sì ń rí i lára wọn jù. Tí wọ́n bá lọ ṣe LASIK fún irú ojú bẹ́ẹ̀, wọ́n ti bà á jẹ́ sí i nìyẹn, torí wọ́n tún gé èyí tó ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ya máàpù kọ́níà, òun ni wọ́n fi ń rí àìsàn yìí, ibi tí ẹ bá lọ tí wọn ò bá ya á, tí wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ owó, ẹ gbé ọmọ yín pọ̀n kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà tọ́jú yínyún yẹn ná. Ẹ má ra oògùn ojú tó ní stẹ́rọ́ìdì ní kẹ́míìsì fúnra yín, ó máa ń jẹ́ kí yínyún lọ wéré, àmọ́ téèyàn bá ń lò ó pẹ́, ó lè gbé ìfúnpá ojú sókè kó sì fa kátáráàtì, ìyẹn kí lẹ́ńsì inú ojú máa ṣú. Ẹ má sì fún omi ọmú sójú, ti ọmọ tàbí tiyín!

Mò ń kán oògùn gìlòkómà, mo sì ní ṣúgà. Wọ́n ní lésà wà fún un. – Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì, Òmù-Àrán

Bàbá, lésà gìlòkómà, ìyẹn àìsàn tí ìfúnpá inú ojú sábà máa ń fà, wà lóòótọ́, ọ̀tọ̀ pátápátá ni sí èyí tó ń bọ́ gíláàsì lójú. LASIK kì í ṣe ohun tí ẹ máa sáré sí, wọ́n máa ń fa ojú mọ́ ẹ̀rọ débi tí ìfúnpá á fi ga, lẹ́yìn tí kọ́níà bá sì ti fẹ́lẹ́, ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá á máa kà á sílẹ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ṣúgà tí kò bá sí ní ìkáwọ́ náà kì í jẹ́ kí ojú tètè jinná. Ẹ má já oògùn yín, ẹ máa padà lọ sọ́dọ̀ dókítà yín.

Wọ́n ti yẹ ojú mi wò, wọ́n ní mo yẹ. Àlùwàlá ńkọ́? – Ọmọ Alfa, Gaa Akanbi

Ìbéèrè gidi. Omi ò gbọ́dọ̀ wọ ojú fún bí ọ̀sẹ̀ kan àkọ́kọ́, torí náà lọ bi alfa yín nípa tàyámámù kí ọjọ́ yẹn tó dé, má dúró dìgbà tó o bá délé. Máa fi ike ìbòjú tí wọ́n bá fún ẹ sùn. Ojú á máa gbẹ, iná mọ́tò lálẹ́ á máa tàn yíká fún oṣù mélòó kan, nítorí náà tó bá jẹ́ pé ọ̀kadà lo fi ń jẹun, sọ fún dókítà, kó sọ ìgbà tó o lè padà sójú títì, kó o sì ra gíláàsì tí eruku ò lè gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé.