Ilé Ọba Akéwì ní Cetinje

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń lọ sí orílẹ̀-èdè Montenegro ní Yúróòpù. Ṣé ọjọ́ kan tó láti rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Njegoš, ọba tó ń kéwì, àti ibojì rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó tó, bí ẹ bá tètè jí. Ìlú Cetinje ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, sí ilé tí wọ́n ń pè ní Biljarda. Njegoš, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àti olórí ilẹ̀ Montenegro, ló kọ́ ọ ní 1838. Tábìlì tó fi ń gbá bílíádì, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kéékèèké, ló fún ilé náà lórúkọ. Láti Kotor létí òkun ni wọ́n ti gbé e gun òkè wá, nígbà tí kò tíì sí ọ̀nà mọ́tò. Ẹ dúró nídìí rẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó wo àwọn ìwé Njegoš. Ẹni ọdún 37 péré ni nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ pa á ní 1851. Ó dunni gan-an.

Lẹ́yìn náà, ẹ wa ọkọ̀ gun òkè Lovćen. Àtẹ̀gùn 461 ló kù tí ẹ ó fẹsẹ̀ gùn dé ibojì náà, nítorí náà ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, kódà nígbà ooru, torí atẹ́gùn orí òkè náà le. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló fẹ́ kí wọ́n sin ín sí. Ogun Àgbáyé Kìíní bà á jẹ́, wọ́n tún un kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó yá wọ́n wó o, wọ́n sì fi ibojì ńlá tí Ivan Meštrović, agbẹ́re kan, yàwòrán rẹ̀ rọ́pò ní 1974. Ní tiwa, ìfẹ́ olóògbé ló yẹ kó borí. Ẹ má lọ nígbà yìnyín: ọ̀nà lè dí.