Jẹjẹrẹ ọyàn nínú ìdílé: ta ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Jẹjẹrẹ ọyàn ló pa ìyá mi lọ́mọ ọdún 41. Àbúrò wọn obìnrin, tí kò tíì pé 45, ti ń gba ìtọ́jú àìsàn kan náà báyìí. Ará ilé ní ayé ló ń bá wa jà. Ṣebí ara máa ń tún ara rẹ̀ ṣe, kí ló dé tí tiwa kò ṣe é?
Aláàdìrẹ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á wo àǹtí yín sàn. Kì í ṣe ayé.

Ojoojúmọ́ ni DNA (ìlànà iṣẹ́ ara tí a jogún) inú sẹ́ẹ̀lì ara wa ń bàjẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Okùn méjì tó lọ́ mọ́ra ni DNA. Bí ọ̀kan bá já, sẹ́ẹ̀lì á wo ìkejì, á fi tún un ṣe. Ibi tó ti le ni kí méjèèjì já lójú kan náà. Bí àdìrẹ bá ya gba àárín bátànì, tí ẹ kàn fa etí rẹ̀ pọ̀ rán, bátànì kò ní bára mu mọ́. Àfi kí ẹ tẹ́ èyí tí ẹ fi pánù kan náà tẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ máa wò ó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì ń wo ẹ̀dà DNA kan náà ṣe àtúnṣe, iṣẹ́ jíìnì (apá kan lára DNA) BRCA1 àti BRCA2 nìyẹn. Méjì méjì la ní wọn, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí ọ̀kan ti bàjẹ́ láti inú oyún, ìkejì ló kù fún un. Tí ìyẹn náà bá lọ nínú sẹ́ẹ̀lì ọyàn kan, àṣìṣe á máa gorí àṣìṣe, ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ti ń yọjú.

Kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. Nínú 1,136 obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ní Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde wọn jáde ní 2018, bí 11 nínú 100 ló ní àbùkù yìí.

Àǹtí yín ni kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò jíìnì, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tàbí itọ́ ti tó. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ lára yín tí a kò rí nǹkan kan, a kò ní mọ̀ bóyá ẹ kò jogún rẹ̀ ni, àbí jíìnì mìíràn ló ń da ìdílé yín láàmú. Àbájáde náà tún lè yí oògùn tí wọ́n ń fún wọn padà. Tí wọ́n bá rí i, kí ẹ̀yin àti àwọn arákùnrin yín náà ṣe é, torí ọkùnrin lè gbé e fún ọmọ. Obìnrin tó bá ní i, ọdọọdún ni yóò máa ya àwòrán ọyàn: MRI (àwòrán tí a fi agbára òòfà yà) láti ọdún 25, mamogíráàmù (X-ray ọyàn) láti 30.

Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹbí tó ti ní jẹjẹrẹ, lápá bàbá àti ìyá, pẹ̀lú ọjọ́ orí tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Aba. Àgbo kankan kò lè tún jíìnì tí a bí mọ́ni ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó owó yín lé e. Bí ọwọ́ yín bá sì kan kókó lọ́yàn, kódà tí kò dùn yín, ẹ má dúró de àyẹ̀wò jíìnì kankan. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ.