Àmì Ìdí Ọta Kò Sọ Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Olóògbé bàbá ìyàwó mi ló fi ìbọn ráífù tó ń yin ọta oríṣi .30-06 sílẹ̀ fún mi. Ìwé àṣẹ rẹ̀ ti wà lórúkọ mi. Páálí ọta kan bá a wá. "LC 67" ló wà nídìí àwọn kan, "FA 43" nídìí àwọn tó kù. Wọ́n fi bírò kọ "4064" sára páálí náà. Ṣé kí n máa yìn wọ́n?

ÌDÁHÙN: Rárá, ọmọ mi. Bírò yẹn já mi láyà ju ọjọ́ orí ọta lọ. Orúkọ ẹ̀tù kan tí àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ki ọta máa ń rà ni 4064. LC ni Lake City, iléeṣẹ́ ọta ológun Amẹ́ríkà ní Missouri, lọ́dún 1967. FA ni Frankford Arsenal, iléeṣẹ́ ọta ológun wọn míì ní Philadelphia, lọ́dún 1943. Òótọ́ ni, àmọ́ ìkarahun idẹ nìkan ni àmì yẹn ń sọ̀rọ̀ bá. Ẹni tó ṣà á nílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yìn ín, tó tún un kì, kò pa àmì náà rẹ́. Ẹ̀tù tó rọ sí i, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, ó sì ti lọ. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu àwọn bẹ́ẹ̀ o. Àwọn míì ṣọ́ra gan-an. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ìbọn mìíràn ló kì í fún.

Fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo páráímà, nǹkan róbótó àárín ìdí ọta tó ń tanná ran ẹ̀tù. Ti ológun, lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n máa ń tẹ etí ihò rẹ̀ wọlé kó má baà yọ, wọ́n á sì kùn ún lọ́dà yíká. Bí o kò bá rí ìwọ̀nyí, tí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ gùn lára idẹ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tún un kì. Bí o bá sì rí wọn, ìyẹn kò ní kí o yìn ín.

Wo orí ọta náà. Orí dúdú lára .30-06 ológun Amẹ́ríkà ń gún irin. Orí pupa ń tanná bó ṣe ń lọ, ó sì lè dáná sungbó. Èyí tó bá ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé, tí ọrùn rẹ̀ sán, tàbí tí orí rẹ̀ ń mì, rọra yà á sọ́tọ̀.

Má fi pílíásì tú ìkankan. Má jù ú síná, má rì í mọ́lẹ̀, má dà á sí pàǹtírí. Tì í mọ́ ibi tó gbẹ, tí ọmọdé kò lè dé, kí o pe ọlọ́pàá kí wọ́n sọ bí wọn ó ṣe gbà á. Má ṣàdédé gbé e wọ tésàn.

Kí o tó ra ọta tuntun, jẹ́ kí alátùn-únṣe ìbọn yẹ inú ọ̀pá ìbọn náà wò. Páráímà ayé 1943 máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Omi ló ń fọ̀ ọ́, òróró lásán kò ràn án. Bí bàbá ìyàwó rẹ bá ti yìn díẹ̀ nínú wọn láìfọ ìbọn, ìpẹtà á ti jẹ ẹ́.