Kí ẹ tó ra gọ́ọ̀mù tí ẹ ó fi lẹ molding, ẹ kọ́kọ́ yẹ ògiri yín wò

Ẹ béèrè bóyá gọ́ọ̀mù nìkan lè gbé molding, ìyẹn pákó ọ̀ṣọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń ṣe fírémù sára ògiri pálọ̀, dúró láìlo ìṣó, àti pé irú gọ́ọ̀mù wo ni ó lágbára jù lọ. Ohun tí èmi náà kọ́kọ́ ń wá kiri nìyẹn nígbà tí mo fẹ́ ṣe pálọ̀ mi ní Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ra pákó kí ó tó yé mi pé ọ̀dọ̀ ògiri ni ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Fírémù mẹ́rin ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n dúró dáadáa, inú gbogbo ará ilé sì dùn. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo gbọ́ gbàmù lóru, tí mo sì bá pákó òkè fírémù kejì nílẹ̀. Nígbà tí mo yí i padà, gọ́ọ̀mù náà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ digbí. Ọ̀dà ògiri ni ó ṣí tẹ̀lé e, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, tí lẹ́búlẹ́bú funfun sì kù sára símẹ́ńtì. Ọ̀dà tí wọ́n bu omi là jù ni wọ́n ti kùn sí ilé náà kí n tó kó dé ibẹ̀. Kò sí gọ́ọ̀mù tí ó lè lágbára ju ohun tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri yín kí ẹ tó náwó. Bí ọwọ́ yín bá funfun, ẹ fi sáńpépà ha gbogbo ibi tí pákó yóò jókòó sí títí ẹ ó fi kan ibi tí ó le, kí ẹ fi aṣọ tútù nu eruku rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ yẹ ọ̀rinrin wò pẹ̀lú, pàápàá lára ògiri tí òjò ń lù láti ìta: ẹ gé ọ̀rá tí a lè rí òdì kejì rẹ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa mọ́ ògiri, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sí inú rẹ̀, ẹ má lẹ nǹkan kan síbẹ̀ títí ẹ ó fi wá ibi tí omi ti ń wọlé, nítorí pé MDF, ìyẹn pákó tí a fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, tí a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ molding, máa ń wú bí búrẹ́dì inú tíì nígbà tí ó bá mu omi, kì í sì í padà sí bí ó ti wà.

Ní ti ìṣó, ilé búlọ́ọ̀kù ni a ń gbé. Ìṣó wẹ́wẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò nínú fídíò ń rí igi gbá mú lẹ́yìn ògiri wọn. Lára símẹ́ńtì tiwa, ṣe ni ó máa ń tẹ̀, tàbí kí ó fọ́ ojú ògiri. Gọ́ọ̀mù nìkan ni mo lò fún àwọn fírémù, tí mo sì fi téèpù oníbébà fà wọ́n mọ́ra fún wákàtí 24. Pákó gbọọrọ tí ó yí pálọ̀ ká ní tirẹ̀ wúwo, nítorí náà mo lu ihò, mo ki fíṣà, ìyẹn ike kékeré tí ń di síkúrúù mú nínú ògiri, bọ̀ ọ́, mo sì fi síkúrúù dè é mọ́ ògiri. Bí ó bá jẹ́ molding oní-fóòmù ni ẹ rà, ẹ yẹra fún gọ́ọ̀mù tí ń rùn bí epo pẹtiróòlù, nítorí ó máa ń jẹ fóòmù náà.

Ògiri mi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 420. Mo fi àlàfo 10 sí ọ̀nà márùn-ún, 370 ni ó kù, mo pín in sí mẹ́rin, fírémù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 92.5. Mo kọ́kọ́ fi téèpù oníbébà ya gbogbo rẹ̀ sára ògiri, ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé fírémù kẹta yóò gba àárín ṣíìṣì iná kọjá.

Ìwọ̀n 45 ni a ń gé igun fírémù, bí ẹ bá sì ti to fírémù náà pọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n láti igun dé igun ní ìdábùú, ní ọ̀nà méjèèjì. Bí ìwọ̀n méjèèjì kò bá dọ́gba, fírémù náà ti wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé 45 níbi tí ògiri méjì ti pàdé. Igun kan nínú pálọ̀ mi jẹ́ 92 dípò 90, bí mo sì ti gé pákó méjèèjì ní 45, ojú wọn là sílẹ̀ níwájú débi pé káàdì ìpè wọ ibẹ̀. Ìgbà tí mo gbé ayùn sí 44 ni wọ́n tó pa ẹnu pọ̀. Àjákù pákó ni kí ẹ fi dán igun kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó gé ojúlówó.

Ẹ má fi silicone, ìyẹn ohun ìdíhò tí ó máa ń fà bíi rọ́bà, dí ojú àlàfo tí ó bá kù, nítorí ọ̀dà kì í mú un. Ohun ìdíhò acrylic, èyí tí ọ̀dà ń mú, ni kí ẹ béèrè fún. Kí ẹ sì kun ẹ̀yìn pákó àti ojú ibi tí ẹ gé ní ọ̀dà ìpìlẹ̀ kí ẹ tó gbé e sókè, torí ojú gígé yẹn ni ó ń mu omi jù.