Èsì: Ọmọ oṣù 18 tó ń gé àwọn ọmọ yòókù jẹ ní kíréèṣì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má gé ọmọ yín jẹ padà, ẹ má sì fi ata sí i lẹ́nu bí aládùúgbò yín ṣe ní kí ẹ ṣe. Ọmọ tí kò tíì lè sọ pé "tèmi ni" ló ń fi eyín sọ ọ́. Tí ẹ bá gé e jẹ, ohun tó máa kọ́ ni pé àgbà náà ń géni jẹ.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀:
1. Ọmọ tí wọ́n gé jẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé mọ́ra.
2. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wo ọmọ yín lójú, ẹ sọ fún un láìpariwo: "A kì í géni jẹ. Ó ń dùn ún."
3. Ẹ fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu: "Sọ pé, fún mi."

Ẹ ṣọ́ àkókò tó máa ń ṣe é. Tèmi, ọ̀sán ni, tí oorun bá ti ń kùn ún. Nígbà tí mo ń tẹ́ ẹ sùn ṣáájú agogo méjìlá, ó dín kù gan-an. Eyín ẹ̀yìn ẹnu náà sì ń hù lásìkò yìí. Ẹ fún un ní aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sínú omi tútù kó máa jẹ lẹ́nu.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ni mò ń sọ o. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tí kò jáwọ́, tàbí tí ẹ ń pè é lórúkọ tí kì í wẹ̀yìn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé.