“I work hardly”: kí ló burú níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ọmọbìnrin mi kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, ó ní “I am a good girl and I work hardly.” Àbúrò mi kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. Ṣebí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì pé tí a bá ń sọ bí èèyàn ṣe ṣe nǹkan, -ly la máa fi kún un? Ìyá kan, Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ òbí, mà. Wọn ò purọ́ fún yín: quick di quickly, careful di carefully. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe (adjective, bíi quick) ń bá ọ̀rọ̀ orúkọ rìn, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé (adverb, bíi quickly) ń bá ọ̀rọ̀ ìṣe rìn. Ṣùgbọ́n hard ò sí nínú agbo yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì láìfi -ly kún un: hard work, work hard. Hardly ti bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí ọmọ yín ń sọ fún ọ̀gá tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ni pé òun kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́!

Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, hard tó jẹ́ àpọ́nlé ní e kan nídìí. Nígbà tí e yẹn pòórá, àwọn méjèèjì di ọ̀kan. Fast náà rí bẹ́ẹ̀. Kò sóhun tó ń jẹ́ fastly. “She came late” ni pé ó pẹ́ dé. Lately ni lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí.

Èyí tó ń dà wá láàmú jù ni good àti well, dáadáa ló sì fà á. “Ọmọ dáadáa ni”, “ó kọrin dáadáa”: dáadáa kan náà ni. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀: a good child, she sang well. Àwọn ará Amẹ́ríkà lè fẹnu sọ “she sang good”, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò WAEC fi máàkì tọrẹ ni.

Síbẹ̀, ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé “The soup smells well” o. Gbẹ̀gìrì ò nímú. Ẹ fi is rọ́pò smells: “The soup is good.” Bí gbólóhùn bá ṣì dúró, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ló yẹ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni look, taste àti feel. Àmọ́ tó bá jẹ́ èèyàn ló bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò tó ń fimú wá òórùn, àpọ́nlé dé nìyẹn: “He smelt the soup carefully.”

Kí ọmọ yín kọ “I work hard”, kó sì yọ good girl kúrò. Iṣẹ́ tó ti ṣe rí ni kó kọ síbẹ̀.