Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìgò Tí A Kò Fi Ìyeré Sí

Òkè-Àjẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo lọ ìyeré, mo pò ó mọ́ àpò ẹ̀wà méjì. Ọ̀kan kò ní kòkòrò rárá, èkejì di ìyẹ̀fun kí oṣù méjì tó pé. Ṣé ìyeré ń ṣiṣẹ́ àbí irọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àpò méjì yẹn ò lè jẹ́rìí sí i, torí ẹ kò ní ìkẹta tí ẹ ò fi nǹkan kan sí. Ó lè jẹ́ pé èyí tó yè náà kò ní kòkòrò láti ilẹ̀ wá. Láti oko ni kòkòrò ẹ̀wà ti ń yé ẹyin sí i. Ọmọ rẹ̀ á lu hóró wọlé, inú ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun, ìyeré tó wà lára èèpo kò sì ní bá a.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ wá ẹ̀wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi kẹ́míkà sí. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ kó kòkòrò mẹ́wàá sínú ẹ̀kún kọ́ọ̀pù kan. Bí gbogbo wọn bá kú kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ má fi dán nǹkan wò, ẹ má sì sè é jẹ. Èyí tó bá dára, ẹ gbé e sínú fíríìsà fún ọjọ́ méje kí ẹyin àti ọmọ kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, kí ẹ wá tẹ́ ẹ sábẹ́ àwọ̀n títí yóò fi gbẹ.

Ogún ìgò lẹ nílò, 100 g ẹ̀wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin á gba 0.5 g ìyeré, mẹ́rin 1 g, mẹ́rin 2 g. Mẹ́rin á gba 2 g eérú tí a jọ̀, mẹ́rin tó kù kò ní gba nǹkan kan. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná kò lè wọn 0.5 g, ẹ yá ti alágbẹ̀dẹ wúrà. Ìdí tí a fi fi eérú sí i ni pé ìyẹ̀fun gbígbẹ lásán máa ń ha kòkòrò lára títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Bí eérú bá pa iye tí ìyeré pa, a jẹ́ pé ẹ kò nílò ìyeré olówó gọbọi.

Kòkòrò mẹ́wàá nínú ìgò kan, aṣọ fẹ́lẹ́ àti rọ́bà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni kí ẹ lò o! Ẹ jọ gbogbo àgbà kúrò nínú ẹ̀wà tó ti ní kòkòrò, kí ẹ kó àwọn tó bá jáde lọ́jọ́ kejì. Kòkòrò ẹ̀wà tó ti dàgbà kì í sábà lò ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ láyé. Ẹni tó bá kó arúgbó sínú ìgò, tó wá padà lọ́jọ́ kẹwàá, òkú ni yóò bá, ìyeré á sì gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ ka òkú ní wákàtí 24, 48, 72 àti 96. Ẹ fi ìgbálẹ̀ tọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, torí ó máa ń ṣe bí ẹni kú. Ká ní 31 kú nínú 40 tó bá ìyeré wà (77.5%), tí 2 kú nínú 40 tí kò bá nǹkan kan wà (5%): ẹ yọ 5 kúrò nínú 77.5, ẹ fi 95 (ìyẹn 100 dín 5) pín in, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Iṣẹ́ ìyeré gan-an jẹ́ 76.3%. Bí òkú inú ìgò tí kò gba nǹkan kan bá ju 20% lọ, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà ẹ kó òkú àti alààyè kúrò, ẹ fi ẹ̀wà náà sílẹ̀ di ọjọ́ 35, ẹ ka àwọn ọmọ tó bá jáde. Èyí ló ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń kó ẹ̀wà pamọ́.

Ẹ fúnra yín lọ ìyeré náà. Èyí tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀ lọ́jà, òórùn rẹ̀ ti lọ, agbára rẹ̀ sì bá a lọ.

Ṣàgámù: Ṣé a lè fi omi dóńgóyárò fọ obì kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ nínú agbọ̀n?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe é. Obì ti ní ìkorò tirẹ̀, tútù la sì ń jẹ ẹ́. Kòkòrò náà ti wà nínú rẹ̀ láti oko, ó gba ojú ibi tí èèpo ti là tàbí tí ó ti fara gbọgbẹ́ wọlé. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ lábẹ́ igi, ẹ ṣa èyí tó ní ihò sọ́tọ̀ kó tó wọ agbọ̀n.

Ẹ̀fọ́ àti ilá ni kí ẹ fi dóńgóyárò ṣe. Kóró inú èso ló lágbára jù, ewé ò tó o. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ ti sá a; èyí tó bá bu, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ gún 500 g kóró tí ẹ ti pa èèpo rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 di òwúrọ̀, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ lẹ ó wọ́n ọn, torí oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ má retí òkú lọ́jọ́ kan náà: ó máa ń mú kòkòrò kọ oúnjẹ, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dàgbà. Ẹ wọ́n omi ọṣẹ lásán sí ebè kan, nítorí ọṣẹ nìkan tó láti pa àwọn wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ewé.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè: Mo rẹ efínrín sínú ẹ̀tánọ́ọ̀lù (ọtí líle), mo bù ú sí ihò tí mo lu sínú ágà (oúnjẹ bakitéríà tó dì bí jẹ́lì) tí bakitéríà E. coli wà. Ojú ibi tó mọ́ yíká rẹ̀, tí bakitéríà ò ti hù, jẹ́ mílímítà 14. Ìyá mi ń ta ewé. Ṣé ó lè sọ pé ó ń wo ìgbẹ́ gbuuru?

Ìdáhùn: Kò tíì yá. Ihò tí o bu ẹ̀tánọ́ọ̀lù nìkan sí dà? Ẹ̀tánọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ń pa bakitéríà. Jẹ́ kó gbẹ kúrò lára oje ewé náà láìgbé e sórí iná gbígbóná, torí òróró olóòórùn inú efínrín á fò lọ. Fi DMSO 10% (omi kẹ́míkà tí a fi ń yọ́ oje ewé) yọ́ ọ, kí o sì bu DMSO kan náà sí ihò mìíràn, kí o fi oògùn tí a mọ̀, bíi gentamicin, sí ìkẹta. Po bakitéríà rẹ bá òṣùwọ̀n McFarland 0.5, èyí tí a fi ń mọ bí omi bakitéríà ṣe ki tó. Bó bá ki jù, ojú mímọ́ á kéré. Bó bá ṣàn jù, á fẹ̀. Rántí pé fífẹ̀ ihò gan-an, tó sábà máa ń jẹ́ mílímítà 6, wà nínú 14 yẹn.

Ohun tó pa bakitéríà nínú àwo lè má dé ibi tó yẹ nínú ìfun, ó sì lè pa ẹni tó mu ún lára. A kò tíì mọ ìwọ̀n tí kò léwu. Kí màmá sọ fún oníbàárà pé omi ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà) ni kó kọ́kọ́ fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni.

Kí o tó tún un ṣe, já ẹ̀ka kan tòun ti òdòdó, tẹ̀ ẹ́ gbẹ láàárín ìwé ìròyìn, kọ ibi àti ọjọ́ tí o já a sí i, kí o gbé e lọ sí ibi ìpamọ́ ewé ní FRIN (ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti Nàìjíríà), Ìbàdàn. Efínrín ńlá àti efínrín wẹ́wẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, ìyá rẹ náà á sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ.